Orin Jókòó Tí Ọmọ Mi Mú Bọ̀ Láti Ìlaròó

Ọjọ́ Sátidé ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo ń wọn pákó tí mo fẹ́ fi tún fèrèsé yàrá ọmọ mi ṣe, nítorí atẹ́gùn tútù máa ń gba ibẹ̀ wọlé, atẹ́gùn tútù kò sì dára fún un. Mo ti wọn ọ̀kan: inṣi mẹ́tàlélógún. Mo ń fi pẹ́ńsùlù sàmì sí i lọ́wọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni ọmọbìnrin mi wà, ó ń fọ abọ́, ó sì ń kọrin. Ó máa ń kọrin bó bá ń fọ abọ́, n kì í kọbi ara sí i. Ṣùgbọ́n ohùn orin ti ọjọ́ yìí gòkè lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn, ó dúró díẹ̀ lókè, ó sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Pẹ́ńsùlù bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo mọ orin yẹn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni mo gbọ́ ọ. Àárọ̀ ọjọ́ tí àbúrò mi kú ni.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà náà, àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Abúlé kan lápá Ọjà-Ọ̀dàn là ń gbé. Ọmọ náà kì í gbádùn. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á máa ké títí ohùn rẹ̀ á fi há. Wọ́n ní àbíkú ni. Lónìí mo mọ orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn náà nílé ìwòsàn, nítorí orúkọ yẹn wà lórí káàdì ọmọ tèmi, ṣùgbọ́n nígbà náà kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní abúlé wa. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, àwọn obìnrin agboolé wa jókòó yí ìyá mi ká lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n ń kọ orin náà. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwa ọmọdé pé a kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ gbe orin náà. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo gbè é. Mo gbè é sókè, nítorí ó dùn. Àbúrò bàbá mi obìnrin dìde, ó fi etí fà mí, ó tì mí síta. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi gbé àbúrò mi jáde nínú ẹní.

N kò sọ ohun tí mo rò fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó mi. Mo rò pé ohùn mi ló lé e lọ. Mo lọ sílé ẹ̀kọ́ girama, mo gba ìwé ẹ̀rí, mo di akọ̀wé ní sọ́mìlì níhìn-ín ní Ayétòrò, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Mo mọ̀ pé orin kì í pa ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, ohun tí màá sọ nìyẹn. Síbẹ̀, ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, n kì í gbe orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń la ẹnu, n kì í jẹ́ kí ohùn jáde.

Orin yẹn kan náà ló tún wá ń jáde lẹ́nu ọmọ mi kan ṣoṣo, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS.

Mo yí sẹ́yìn ilé.

"Níbo lo ti kọ́ orin yẹn?"

Ó wò mí, ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. "Ìlaròó ni, Dádì. Lọ́dọ̀ àwọn tí a jọ ń kọrin, tí mo sọ fún yín."

"O kò sọ fún mi pé irú orin tí ẹ ń kọ níbẹ̀ nìyí."

"Irú èwo? Orin ìyìn ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n tó ń darí wa ló máa ń lọ bá àwọn ìyá àgbà, á fi fóònù gba orin àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Àwa á wá fi ọ̀rọ̀ tiwa sí i. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ sí èyí. Ẹ̀gbọ́n ní ó dára."

"Ìyá àgbà wo?"

"Ọ̀kan ní Ọjà-Ọ̀dàn. N kò mọ̀ ọ́n o."

Ó nu ọwọ́, ó gbé fóònù rẹ̀, ó ka ọ̀rọ̀ náà fún mi bí ọmọ iléèwé tó ń ka àkọ́sórí:

"Mo jókòó, Olúwa, mo jókòó,
kò sẹ́ni tó fà mí wá.
Ẹnu ara mi ni mo fi pè ọ́,
orúkọ ara mi ni kí o fi dá mi lóhùn."

Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo wá a, n kò rí i. Mo sọ fún un pé n kò fẹ́ gbọ́ orin yẹn nínú ilé mi mọ́. Kò bi mí ní ìdí. Ó padà sídìí abọ́ rẹ̀, ó sì fọ ìyókù láìsọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn tún wá bà mí lẹ́rù ju orin lọ.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń gbé. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti pé oṣù mẹ́jọ tí dókítà ti sọ ohun tó ń ṣe é fún wa, èmi ni mò ń fún un lóògùn rẹ̀. Ìyàwó mi ní sùúrù jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń gbàgbé nǹkan, n kì í gbàgbé. Fólíìkì kan lójúmọ́ fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àti oògùn ibà kan. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, màá gbé ọwọ́ lé e lórí, màá gbàdúrà, òun á ní "Àmín", á gbé oògùn mì níṣojú mi, á mu omi kọ́ọ̀bù kan tán. Nígbà tó wọ pólì ní Ìlaròó, tó ń gbé yàrá pẹ̀lú ọmọ kíláàsì rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, mo wá ọgbọ́n mìíràn dá. Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, màá ka oògùn ọjọ́ márùn-ún sínú ọ̀rá kékeré kan, màá sì so ó sápò báàgì rẹ̀. Bó bá dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àdúrà òwúrọ̀ á tún máa lọ bí ti tẹ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì orin yẹn, Sọ́ńdè, mo gbé ọwọ́ lé e lórí kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbàdúrà dé òpin. N kò gbọ́ "Àmín". Mo rò pé oorun ni. Mo tún ìlà tó kẹ́yìn gbà. Ó rọra gbé ọwọ́ mi kúrò lórí rẹ̀, ó di ọwọ́ náà mú.

"Dádì, ẹ ṣé. Mo ti gba tèmi."

"Tìrẹ wo?"

"Àdúrà tèmi. Mo ti gbà á kí ẹ tó wọlé."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ṣé ẹ fẹ́ máa gbàdúrà fún un dé ilé ọkọ ni?"

Ó gbé oògùn ọjọ́ náà mì níṣojú mi, ṣùgbọ́n n kò lè rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo rí ni pé ọwọ́ rẹ̀ tutù, àti pé funfun ojú rẹ̀ ti ń pọ́n rúsúrúsú bí ìgbà tí nǹkan bá fẹ́ ṣẹlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé báàgì rẹ̀ láti fi ọ̀rá oògùn tuntun sí i. Ó yẹ kí ọ̀rá ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti ṣófo. Kò ṣófo. Fólíìkì mẹ́rin wà níbẹ̀, oògùn ibà mẹ́rin sì wà pẹ̀lú wọn. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lórí ibùsùn rẹ̀. Mo dá wọn padà bí mo ṣe bá wọn. Mo fi ọ̀rá tuntun sí i, mo sì jáde. Mo fẹ́ bi í, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí mo rò pé yóò fún mi kò jẹ́ kí n lè bi í. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ó lọ.

Ní sọ́mìlì ní ọjọ́ náà, ọkùnrin tó ń bá ẹ̀rọ ìlagi ṣiṣẹ́ wò mí títí.

"Akọ̀wé, o ti wọn pákó yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé o fẹ́ fẹ́ ẹ ni?"

Mo bi í bóyá ó mọ nǹkan kan nípa àwọn tó ń fi orin ìbílẹ̀ yin Ọlọ́run ní Ìlaròó.

"Àwọn ọmọ pólì? Háà. Orin bọ̀lọ̀jọ̀ tí bàbá mi fi ń jó ni wọ́n fi ń pe Jésù níbẹ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣọ́ra o. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Ìpókíá sọ ti ọmọbìnrin kan tó bá irú wọn rìn. Ó da gbogbo oògùn rẹ̀ nù, ó ní ìgbàgbọ́ ti tó òun. Ọ̀hún ní Bẹ̀nẹ̀, lẹ́yìn ààlà, ni wọ́n sin ín sí."

"Ṣé ìwọ mọ ọmọ náà?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Ṣé òun mọ̀ ọ́n?"

"Akọ̀wé, ṣé kóòtù la wà ni?"

Mo mọ̀ pé ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò ní ìdí tó dúró lé. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n mo gbé e lọ sílé, mo bá a sùn, mo sì bá a jí ní ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ ní aago méjì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìlaròó.

Ilé kékeré kan ni, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ, kò jìnnà sí ọgbà pólì. N kò lọ síbẹ̀ tààrà. Mo dúró sábẹ́ ibòòji ṣọ́ọ̀bù vọkanáísà kan ní òdìkejì títì, láàrin àwọn táyà. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo ka ènìyàn mẹ́rìnlá: àwọn ọmọ pólì, ìyá kan tó gbé ọmọ pọ̀n, bàbá àgbàlagbà kan tó ń lu agogo, tó sì ń kí àwọn tó ń wọlé ní "Bọ̀njúù" bí àwọn tó máa ń sọdá wá láti òkè ààlà. Gìtá kan wà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ méjì wà. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Obìnrin tó ń darí wọn kò tíì tó ogójì ọdún. Kò dúró síwájú. Àárín wọn ló jókòó sí.

Mo ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ ariwo. Mo ti rò pé màá rí àwọn tó ń ṣubú lulẹ̀, tàbí ẹnì kan tó ń pàṣẹ fún wọn. N kò rí i. Wọ́n ń kọrin bí àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, tí ọ̀kan ń dá, tí ìyókù ń gbè, tí ẹlòmíràn sì ń já a gbà nígbà tó bá rẹ ẹni àkọ́kọ́. Ohùn ilé wa ni. N kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run rí. Ìwé orin tí a ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa dára, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti ibòmíràn wá, a sì ń wọ̀ ọ́ bí kóòtù tí wọ́n yá wa. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan, wọ́n á dákẹ́, ẹnì kan á sì sọ gbólóhùn kan tàbí méjì fún Ọlọ́run, ní ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀ nílé. Ọmọkùnrin kan ní, "Olúwa, mo purọ́ fún ìyá mi ní àná, ó ń dùn mí." Ó tán síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi kún un.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi gbé orin yẹn.

Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó gbé ohùn gòkè lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró, ó já a. Gbogbo wọn gbè é. Ó dára ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ. Mo ń wo ọrùn rẹ̀ tó tínrín, mo ń wo bó ṣe ń sinmi láti mí láàrin ìlà kejì àti ìkẹta. Mo ní kò ní pẹ́. Mo ní bí wọ́n ṣe gbé àbúrò mi jáde nínú ẹní nìyẹn. N kò mọ ìgbà tí mo sọdá títì.

Orin dáwọ́ dúró. Obìnrin tó ń darí wọn dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní kí wọ́n gbé àga wá. N kò jókòó.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí ọmọ mi má lo oògùn mọ́?"

Ó wò mí, ó wo ọmọ mi. "Oògùn kẹ̀? Bàbá, n kò mọ ohun tí ẹ ń sọ."

"Ọjọ́ mẹ́rin," ni mo wí. "Mo kà á. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò lò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Dádì, ẹ má bá wọn wí," ni ọmọ mi sọ. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Èmi ni. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é."

"Kí ló dé tí o fi ṣe é?"

Ó wo ilẹ̀, ó tún wò mí. "Mo fẹ́ mọ ohun tó ń gbé mi dúró. Gbogbo ayé mi, ọwọ́ yín ló wà lórí mi. Ẹ gbàdúrà, mo ní Àmín. Ẹ nawọ́ oògùn, mo gbé e mì. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan kan wà láàrin èmi àti Ọlọ́run tó jẹ́ tèmi."

Obìnrin yẹn ló bínú, ó bínú jù mí lọ. "Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé ìdánwò lo fún Ọlọ́run ni? Ìwọ ni tíṣà rẹ̀? O wá síbí ní ọjọ́ Ẹtì, o jókòó tì mí, o ń kọrin, o kò sọ fún mi?" Ó yíjú sí mi, omi ti lé sójú rẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun. Ẹ jókòó, kí a jọ sọ ọ́. Òjò ti ṣú. Ẹ jẹ́ kó rọ̀ kó dá kí ẹ tó mú un lọ."

Lóòótọ́ ni òjò ti ṣú. Mo rí i. Lápá Òkè-Ọ̀dàn, ojú ọ̀run dúdú bí ìdí ìkòkò. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ọmọ mi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí i níbi tí wọ́n ti ń kọ orin yẹn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo pe ọ̀kadà, mo ní kó jókòó sáàárín èmi àti ọlọ́kadà. Ọlọ́kadà gan-an ní, "Bàbá, òjò yìí á bá wa lọ́nà o." Mo ní kó máa lọ. Òjò bá wa ní ibi tí kò sí ilé ní ọ̀tún tàbí ní òsì, ó sì rọ̀ sí wa lára títí a fi wọ Ayétòrò. Ọmọ tí mò ń tún fèrèsé ṣe fún nítorí atẹ́gùn, èmi náà ni mo gbé e gba inú òjò kọjá. Ní gbogbo ọ̀nà, mò ń sọ fún ara mi pé mo ti yọ ọ́ nínú ewu.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà àti ní ọjọ́ kejì, ó gbé oògùn rẹ̀ mì níṣojú mi láìjiyàn. Ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, mo gbọ́ ọ tó ń pe ìyá rẹ̀. Ìrora ti mú un ní itan méjèèjì àti ní àyà. Nígbà tí a fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń gé ètè rẹ̀ jẹ ni. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i. Dókítà bi wá bóyá òtútù mú un. Ìyàwó mi wò mí. Mo ní òjò pa á. N kò sọ ẹni tó gbé e sínú òjò.

Ní ọjọ́ Ajé, àbúrò bàbá mi dé láti Ọjà-Ọ̀dàn, òun tó fà mí létí lọ́jọ́sí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò tẹ̀. Ó bá mi lórí bẹ́ńṣì níwájú wọ́ọ̀dù.

"Ọkọ mi, o ti rù bí igi ìdáná. Wọn kò fún ẹ lóúnjẹ ni?"

Mo kí i, mo dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó jókòó tán, mo bi í bóyá obìnrin kan láti Ìlaròó wá gba orin sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó wá. Ọmọ dáadáa ni, ó ra ọṣẹ fún mi. Ó ní kí n kọ gbogbo èyí tí mo bá rántí."

"Màmá, kí ló dé tí ẹ fi fún un ní orin yẹn? Orin tí ẹ kọ lọ́jọ́ tí àbúrò mi kú?"

Ó yíjú sí mi. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ohun tí n kò sọ rí, lórí bẹ́ńṣì, ní ọ̀sán gangan, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọjá. Mo sọ pé wọ́n ní kí àwa ọmọdé má gbe orin náà. Mo sọ pé mo gbè é. Mo sọ pé ọmọ náà kú.

Ìyá àgbà yìí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó bà mí nínú jẹ́ gan-an. Ó wá rí ojú mi, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ti tó ogójì ọdún tí o ti gbé èyí sínú?"

"Ó lé."

"Ọkọ mi, a lé ẹ nítorí ohùn rẹ dàbí ti ewúrẹ́." Ó gbá mi lórúnkún. "Gbọ́. Ọmọ yẹn ti lọ kí àkùkọ tó kọ. Ó ti lọ kí a tó bẹ̀rẹ̀ orin. Ta ló kọrin fún un? Ìyá rẹ la kọrin fún. Bí ọmọ bá kú mọ́ obìnrin lọ́wọ́ nígbà náà, a kì í jẹ́ kó dìde. Ẹni tó bá dìde láàárọ̀ yẹn lè lọ sí kànga, ó lè wọgbó lọ. A ó yí i ká, a ó máa kọ ọ́ fún un títí oòrùn á fi dé ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn náà la ó wá gbé ọmọ jáde. A ní kí ẹ̀yin ọmọdé má sún mọ́ ọn nítorí ẹ kò tíì mọ̀ pé ọmọ ti kú."

Ó kọ ọ́ fún mi níbẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń mí lọ:

"Jókòó, ọ̀rẹ́ wa, jókòó,
oòrùn kò tíì dé ẹ̀yìnkùlé.
Jókòó, ọ̀rẹ́ wa, jókòó,
omi tí a gbé kaná kò tíì hó."

Mo ń ka àkókò pọ̀: àkùkọ, orin, ilẹ̀kùn, ẹní. Ó bára mu. Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ó yẹ kí ara mi fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo rò ni pé wọn kò kọ orin yẹn rí àfi bí ọmọ bá ti kú. Mo dìde, mo lọ wo ọmọ mi nípasẹ̀ gíláàsì láti rí i bóyá àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó ń lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó lajú. Mo ti wà lẹ́bàá ibùsùn láti òwúrọ̀, mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mò ń gbàdúrà sókè. Ó ní, "Dádì, ẹ sinmi."

"Mò ń gbàdúrà fún ẹ."

"Mo gbọ́. Orí ń fọ́ mi." Ó dákẹ́ kó lè mí. "Ẹ gba tiyín."

"Tìrẹ ni tèmi."

"Rárá o. Tiyín. Ẹ̀yin náà ń ṣàìsàn, ẹ wo ojú yín."

Ó tún pa ojú dé. Mo jáde sí ìta, mo dúró lẹ́bàá ògiri níbi tí wọ́n ń sá aṣọ ibùsùn sí. Mo wá àdúrà tèmi, n kò rí i. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gbàdúrà ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣe nípa ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí. Mo rántí ọmọkùnrin tó ní òun purọ́ fún ìyá òun. Mo ní, "Olúwa, ẹ̀rù ń bà mí." N kò mọ ohun tí màá fi tẹ̀lé e. Mo tún un sọ. Mo wá sọ ti òjò, bó ṣe rí gan-an: ẹni tó ní kí n dúró, ibi tí òjò ti bá wa, bí kò ṣe sí ilé níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, nǹkan kan kò yí padà nínú ọgbà ilé ìwòsàn náà. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n n kò fi orúkọ ọmọ mi bò ó mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Rú, dókítà wá, ó ní èsì ẹ̀jẹ̀ ti sàn díẹ̀, kò tíì sàn tó. Ó ṣí fáìlì, ó yíjú sí mi bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti wà ní oṣù mẹ́jọ.

"Bàbá, ṣé ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé?"

Nọ́ńbà wà lẹ́nu mi. Mẹ́rin. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo ọmọ mi, ó ń wò mí láti orí ìrọ̀rí, ètè rẹ̀ ti bó.

"Ẹ bi í, dókítà," ni mo wí. "Òun ló mọ̀."

Dókítà yí àga rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́jọ ni n kò lò ó," ni ọmọ mi sọ. "Mo lo ti ọjọ́ Ẹtì nítorí Dádì. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ kejì ṣáájú ọjọ́ Ẹtì yẹn."

Mo di irin ibùsùn mú. Mẹ́jọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí mò ń wọn pákó ní sọ́mìlì tí mo rò pé mo mọ iye rẹ̀, kò fọwọ́ kan ọ̀rá náà. Ọ̀rọ̀ pọ̀ ní àyà mi tó fẹ́ jáde. Dókítà ń bi í ní ìbéèrè mìíràn, òun sì ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ kéré, ó ń dúró láti mí. Mo dúró síbẹ̀, mo pa ẹnu mọ́, mo sì ń gbọ́ ọ.